Orúkọ Tí Kì Í Wọlé

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni ilé bàbá Séraphin?”

Ọwọ́ Díákónì Olútóyè dúró gbagidi lórí ìwọ̀n tó ń tún ṣe. Ó ti tú ìwọ̀n ọlọ́jà náà palẹ̀, ó sì ti to àwọn ìdè kéékèèké inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sórí aṣọ funfun kan, kí ẹyọ kan má baà sọnù. Ẹyọ kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ àga lọ. Kò tilẹ̀ wò ó.

Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí orúkọ yẹn ti wọ ayé wọn, ẹnikẹ́ni kò pè é nínú ilé rẹ̀ rí. Òfin ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà, pàṣán ló sì fi tì í lẹ́yìn.

Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu géètì wọ ṣòkòtò, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Odette ni orúkọ òun, ó ní, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin lòun. Jẹ̀nẹ́fà lòun ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti Séraphin jọ wà nínú ọ́fíìsì kan fún ọdún mẹ́ta. Ìrìn àjò ló gbé òun wá sí Kùtọnu, òun sì yà sí Abidjan nítorí Bàbá.

Àdìzátù, ayálégbé tó wà lódì kejì, na ọrùn jáde lójú fèrèsé.

“Díákónì! Ṣé ìyàwó tuntun ló dé ni? Ẹ ò tiẹ̀ fi tó wa létí ká wá nǹkan sè!”

“Àdìzátù, ata rẹ ń jóná.”

“Mi ò gbé ata kaná.”

“Lọ gbé e kaná nígbà náà.”

Ó mú ọmọbìnrin náà wọlé, ó bu omi fún un, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n pè é sídìí tẹlifóònù ní ọ́fíìsì pásítọ̀, tó sì gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, pé ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Olútóyè ti padà sídìí ìwọ̀n. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Kò bá wọn jiyàn.

“Bàbá, ìwé tí a jọ ń kọ ló gbé mi wá,” Odette bẹ̀rẹ̀. “A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tí wọ́n fẹ́ kọ́ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Wọn ò tíì kọ́ ọ. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá sí i kí wọ́n tó tan iná sí i. Ìwé yìí ló ń sọ ohun tí a ó fi ẹ̀rọ náà wá, àti bí a ó ṣe wá a.”

“Mo mọ̀. Ó sọ fún mi.”

Ó sọ fún un lóòótọ́. Kérésìmesì ọdún méjì sẹ́yìn ni, ìgbà tó wálé kẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń bá a fi epo nu àwọn ọmọ ìwọ̀n, ó sì ń ṣàlàyé. Wọ́n á mú èérún méjì tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, wọ́n á mú kí wọ́n máa sáré yípo nínú ihò náà títí wọ́n á fi kọlu ara wọn, wọ́n á wá wo ohun tó bá fọ́n jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti fi ìṣirò rí i pé ó ṣeé ṣe kí èérún kọ̀ọ̀kan tí a mọ̀ ní èkejì, èkejì tó wúwo jù ú lọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kàn. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ gbogbo àwọn èkejì náà lórúkọ.

“Ṣé wọ́n ti bí wọn ni, tẹ́ ẹ fi ń sọ wọ́n lórúkọ?” Olútóyè bi í.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Bàbá, wọ́n lè má sí rárá. Ṣùgbọ́n bí a ò bá mọ irú ẹni tí à ń wá, ó lè gba iwájú wa kọjá, a ò ní mọ̀ pé òun ni.”

“Báwo lẹ ó ṣe rí ohun tí kò ṣeé rí?”

Ó gbé ọmọ ìwọ̀n kan sókè, ó ń yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. “Bẹ́ ẹ ṣe ń mú olè lọ́jà náà ni. A ó wọn ohun tó wọlé, a ó wọn ohun tó jáde. Bí apá kan bá fúyẹ́, ó yá, nǹkan kan ti gba apá ibẹ̀ sá lọ.”

Láti ọdún 1957 ni Olútóyè ti ń tún ìwọ̀n ṣe fún àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjà Adjamé. Ọ̀rọ̀ náà yé e kíá. Ó sì dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ pé “Hẹn-ẹ́n” lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kì í sábà ṣe.

Odette ti tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì. Orúkọ ló kún inú rẹ̀, orúkọ èèyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ó tó ọgọ́ta. Lókè pátápátá, nítorí pé lẹ́tà A ló fi bẹ̀rẹ̀, ni S. Adékambi wà. Àmì kékeré kan bí àgbélébùú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Olútóyè fi ìka kan àmì náà. “Kí nìyí?”

“Àṣà wa níbẹ̀ ni, Bàbá. Ẹni tó bá ti kú kí ìwé tó jáde, a kì í yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àmì yẹn la fi ń sọ pé ó ti lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi hàn yín, bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Kò gbọdọ̀ ju aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní lọ kí n tó fi ẹ̀rọ fáàsì fi í ránṣẹ́ láti Plateau, ní àárín ìlú. Ọ̀la ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.”

Olútóyè rọra sún ìwé náà padà sí i. Àdìzátù ń kọrin lóde.

“Ọmọ mi kọ́ nìyí,” ó ní.

“Ẹ ní kí ni, Bàbá?”

“Olútúndé lorúkọ ọmọ mi. Túndé. Ìwé ọjọ́ìbí ọmọ ẹlòmíràn la fi mú un wọ ilé ẹ̀kọ́.” Bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe sọ ọ́, láìgbé ohùn sókè, láìgbé e sílẹ̀.

Odette fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín àti nǹkan mìíràn sì jọ ń jà lójú rẹ̀. “Lẹ́tà T,” ó ní. “Gbogbo bébà tó bá ti ṣe ìṣirò sí, ó máa ń kọ T kékeré sí igun rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn, pé Séraphin kàn ń bá a gbowó oṣù ni.”

Olútóyè dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí i.

Ọdún 1969 ni. Treichville ni wọ́n ń gbé nígbà náà, nínú àgbàlá kan tí ìdílé mẹ́jọ pín. Orí ẹní ni wọ́n bí Túndé sí, lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan nínú àgbàlá náà, ẹnikẹ́ni kò sì ronú kan ìwé. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ilé ẹ̀kọ́ ní kò sí ìwé, kò sí àyè. Olútóyè fúnra rẹ̀ kò ní ìwé tó pé lọ́wọ́, kò lè lọ síwájú adájọ́ láti gba ìwé fún ọmọ. Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kan, Micheline tó ń gbé yàrá ìkángun wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ reluwé, ilé ìgbẹ̀bí ló sì bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí. Ibà ti pa ọmọ náà ní ọdún méjì ṣáájú, lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ó mú ìwé ọjọ́ìbí rẹ̀ wá. Ó ní kàkà kó máa jókòó nínú àpótí, kó kúkú mú ẹnì kan lọ síbi tó dára.

Olútóyè ló mú ìwé náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Òun, tó ń na ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nítorí irọ́ lórí hóró ṣúgà kan, dúró níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó ní Séraphin Adékambi nìyí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó mú ọmọ náà dé ẹnu géètì. “Láti ibí lọ, Séraphin ni ọ́. Tó o bá ti padà dé ibí, Túndé ni ọ́. Bí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé mi, wàá jẹgba.” Ọmọ náà mi orí pé òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, á dúró lẹ́nu géètì, á nu ẹsẹ̀ kan, á nu èkejì, ì báà jẹ́ òjò ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó wọlé. Àwọn ará àgbàlá a máa yìn ín pé ó mọ́ra. Olútóyè nìkan ló mọ ohun tí ọmọ náà ń nù kúrò. Kò sọ fún un rí pé ó ti tó, pé kó dẹ̀yìn. Ó rò pé àyè á ṣì wà.

“Bí a bá yí orúkọ náà padà,” Odette ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, “ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó ti kọ tẹ́lẹ̀, Adékambi ló wà lórí wọn. Ẹni tó bá ka eléyìí ò ní mọ̀ pé òun kan náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà.”

“Orúkọ ọmọ mi ni kó wà níbẹ̀.” Ó mú fìlà. “Ṣùgbọ́n mo yá èyí lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo ní láti lọ sọ fún un pé mo ń dá a padà. Dúró dè mí ní Plateau. Fún mi ní ìwé náà.”

Ó wọ bọ́ọ̀sì gbaka láti Abobo dé Adjamé, ó wọ takisí wôrô-wôrô dé Attécoubé, ó wá fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Boribana létí ọ̀sà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti rí Micheline kẹ́yìn, níbi ìsìnkú Morẹ́nikẹ́. Ìdí ààrò ẹja ló ti bá a, ó ti gbó, ó ti kúrú sí i, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí èéfín.

“Ṣé Díákónì ni, àbí èéfín ló ń tàn mí jẹ?”

“Èmi ni.”

“Ọdún mẹ́jọ! Láti Abobo! Ẹsẹ̀ lẹ fi rìn ín ni?”

“Ọkọ̀ ni mo wọ̀.”

“Ẹ ò tíì yí padà. Èèyàn bá yín ṣeré, ẹ dáhùn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́.” Ó gbé àpótí ìjókòó fún un, ó nu ọwọ́ sára ìró. “Ọmọ wa ńkọ́?”

Olútóyè ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti Abobo wá, lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo rẹ̀ fọ́nká. Ọmọ wa.

Micheline kò dúró de èsì. Ó ti wọlé, ó ti gbé páànù bisikíìtì kan jáde, ó sì ṣí i sórí itan. Bébà ìwé ìròyìn ló wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n, wọ́n ká a dáadáa. Orúkọ àwọn tó yege ìdánwò ni, orúkọ tíntìntín lórí ìlà-ìlà. Lórí bébà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

“Mi ò mọ̀wé. Katekíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bá mi wá a,” ó ní. “Èyí ni ti ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Ọjọ́ yẹn, mo sunkún. Èyí ni ti ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yege bac, ìdánwò àṣekágbá girama, mo ra mínírà fún gbogbo ilé! Wọ́n ní ta ló ń ṣọjọ́ìbí. Mo ní ọmọ mi ni.” Ó fọwọ́ ra bébà náà. “Ọmọ tí mo sin lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Díákónì. Ẹ wò ó bó ṣe ń dàgbà. Ó ti gbéyàwó?”

Èsì kan wà lẹ́nu Olútóyè tí kì í ṣe irọ́. Ó lè sọ pé “Rárá,” kó dìde, kó máa lọ. Ó wo ìka obìnrin náà lórí bébà.

“Ó ti kú, Ìyá.”

Epo ẹja ń kán sínú iná. Ó ń ṣe ṣùà, ṣùà.

“Nígbà wo?”

“Oṣù mẹ́rìnlá.”

“Oṣù mẹ́rìnlá.” Ó ti páànù náà pa. “Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń tan àbẹ́là fún un. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó ṣọ́ ọ nínú òtútù, kó má jẹ̀ẹ́ kó ṣàìsàn. Ẹ wá jẹ́ kí n máa gba irú àdúrà yẹn fún òkú?”

Ojú ló ti ń ti Olútóyè láti oṣù mẹ́rìnlá. Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, bó bá fẹ́ sòótọ́. Ó ṣí fìlà, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn, àyà gbálẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

“Ẹ dìde,” Micheline ní nígbà tó yá. “Ìpẹ́ ẹja ti lẹ̀ mọ́ yín láyà.”

Ó dìde. Ó mú ìwé Odette jáde, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní ṣókí: àwọn tó ń wá ohun tí ojú kò tíì rí, ẹ̀rọ tí wọn kò tíì kọ́, orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. “Orúkọ ọmọ yín ló wà níbí. Mo wá láti sọ fún yín pé mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó wà nínú páànù yìí. Mi ò ní yọ ọ́ mọ́. Kó wà bẹ́ẹ̀.”

Obìnrin náà sún ìwé náà mọ́ ojú. “Kí ni eléyìí tó dà bí àgbélébùú?”

“Àmì pé ẹni náà ti kú ni.”

Ó dá ìwé náà padà fún un kíá, bí ẹni tó di ohun gbígbóná mú.

“Rárá. Séraphin kú lọ́wọ́ mi ní Treichville, ọjọ́ Ẹtì ni, mo sì sunkún rẹ̀ títí ó fi tán. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún pa á fún mi lórí ìwé. Ẹni tó kú lọ́hùn-ún, Túndé ni, ọmọ Morẹ́nikẹ́. Ọmọ yín.” Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ẹkún tiyín lẹ ò tíì sun, Díákónì. Ẹ̀yìn ọmọ mi lẹ sá pamọ́ sí.”

Ó gbé páànù náà mọ́ra.

“Èyí tó wà nínú ibí, tó ń yege, tó ń dàgbà, tèmi nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ lọ kọ tiyín.”

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tó dé Plateau. Odette wà lórí ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń fi fáàsì ránṣẹ́, ó ń wo ojú pópó. Olútóyè jókòó sídìí tábìlì, ó fa ìlà kan la S. Adékambi já, tààrà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá gbé bírò sí àyè tó ṣófo.

Bírò náà kò lọ.

Ó rò pé ọwọ́ òun ló rẹ̀. Ó dì í mú dáadáa. Ìgbà náà ló wá yé e pé ọwọ́ òun kò mọ ọ̀nà ni. Orúkọ tó fi ẹnu pè láàárọ̀ lálẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kò tíì kọ ọ́ sórí nǹkan kan rí: kì í ṣe fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe káàdì oníṣègùn. Nínú gbogbo lẹ́tà tó kọ sí Jẹ̀nẹ́fà, Séraphin Adékambi ló ń kọ sójú àpò ìwé, “Ọmọ mi” ló sì ń kọ sínú.

Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Olútúndé Olútóyè. Ó fi àmì sórí gbogbo lẹ́tà tó yẹ. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fa ìkejì dábùú rẹ̀. Ìlà kejì wọ́.

“Bàbá,” Odette ní jẹ́ẹ́jẹ́, “ó máa bọ́ sí àárín àwọn onílẹ́tà O nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á ò ní mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rọ náà gba ìwé náà lẹ́nu, ó ń fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń kùn. Olútóyè ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Odette na ọwọ́ láti gba báàgì rẹ̀, ó ti ń dìde, ṣùgbọ́n bàbá náà fa àga kejì sún mọ́ ti ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ lu orí àga náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Jókòó, ọmọ mi,” ó ní. “Àárọ̀ ọjọ́ tí Túndé ṣubú yẹn, ṣé ó jẹun?”